Kí A Tó Ra AC Tuntun: Ọ̀rọ̀ Lórí Ooru, Fáànù àti Jẹnẹrétọ̀ Nínú Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. A gbé e síbí fún àwọn tí kò ráyè wá, àti fún àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun.

Mo tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Akọ̀wé wa ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ilé wa ṣe lè tutù láìjẹ́ pé a jẹ gbèsè. Ẹ mọ ohun tó fà á. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan dábàá pé kí a fi owó tó wà nílẹ̀ ra AC mẹ́rin sí gbọ̀ngàn ìpàdé wa yìí. Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà o. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, lásìkò ìsinmi sì rèé, mo máa ń tẹ̀lé ọ̀gá kan tó ń tún AC ṣe kiri Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Gbólóhùn kan ni: ìtutù kì í ṣe ohun tí à ń rà lẹ́ẹ̀kan ká gbàgbé, ohun tí à ń tọ́jú ni. Ẹni tí kò bá tọ́jú fáànù kò ní tọ́jú AC. Ẹni tó bá sì ń gba èéfín jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá kó lè rí fáànù tàn, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ra ìtutù.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN GBOGBO WA

Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2024. Ooru tó mú ní Èkó nígbà yẹn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa rí oorun sùn. Àjọ NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n ń pè ní World Weather Attribution jókòó ṣe ìṣirò. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe ti àyípadà ojú ọjọ́ ni, ooru tí ara wa mọ̀ lára nígbà yẹn ì bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius dín kù.

Ooru Èkó yàtọ̀ sí ti òkè Ọya. Òógùn ni ara wa fi ń tu ara rẹ̀: bí òógùn bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru lọ. Ṣùgbọ́n níbí, tí òkun àti ọ̀sà yí wa ká, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń wúwo. Ọ̀dọ́ lè fara dà á. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aboyún, ọmọ ọwọ́, àwọn wọ̀nyí ni ooru ń pa lára jù. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tó wá ń sọ kántankàntan, ẹ má rò pé oorun ló ń kùn ún. Ẹ gbé e sí ibi tó tutù, ẹ fi omi nù ún lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

ILÉ NI KÁ KỌ́KỌ́ WÒ

Kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ọ̀nà wo ni ooru ń gbà wọlé? Àwọn bàbá wa kò ní iná mànàmáná, síbẹ̀ wọ́n mọ ìdáhùn. Ẹ rántí ilé àtijọ́ ní ìlú wa: ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé ewé gbòdógí tàbí koríko, àgbàlá láàárín agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kì í dé. Àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní GRA Àpápá náà ní ọgbọ́n tiwọn: àjà gíga, fèrèsé ńlá, igi nínú ọgbà.

Ilé face-me-I-face-you tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kọjú sí yàrá, fèrèsé kan ṣoṣo, páànù lókè, àwọn míì kò tilẹ̀ ní sílíńgì. Láti àárọ̀ ni oòrùn á ti máa pa páànù, á wá máa da ooru lé yín lórí títí di òru. A ò lè wó ilé onílé, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí a lè ṣe.

Èkíní, ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lójú ọ̀nà tí tírélà èbúté ń gbà, eruku àti èéfín dísù a máa dí ojú nẹ́ẹ̀tì pa. Ẹ fi ìka nù ún wò, ẹ ó rí dúdú tó máa jáde. Nẹ́ẹ̀tì tó dí kò yàtọ̀ sí ògiri, afẹ́fẹ́ ò lè kọjá. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó dojú kọ ara wọn lálẹ́ àti ní ìdájí nígbà tí ìta bá tutù ju inú ilé lọ. Ní ọ̀sán gangan, ẹ fa kọ́tìnì bo fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, pàápàá èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Ẹ̀kẹta, òrùlé. Sílíńgì lábẹ́ páànù a máa dín ooru kù gan-an. Ọ̀dà funfun lórí páànù náà ń ṣiṣẹ́, torí pé funfun ń dá oòrùn padà, àmọ́ dúdú ń gbé e mì. Ní ìlú Ahmedabad ní Íńdíà, lẹ́yìn tí ooru pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 2010, ìjọba ìlú náà ṣe ètò ìdáàbòbò ní 2013. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn tálákà ní funfun. Nítòsí wa níbí, ní Freetown, wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan ní 2021 tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ooru lọ, wọ́n sì na ìbòrí sókè orí àwọn obìnrin tó ń tajà nínú oòrùn. Kò sí èyí tó ju agbára wa lọ nínú rẹ̀.

FÁÀNÙ KÒ TÍÌ DI ỌJÀ ÀTIJỌ́

Fáànù kì í mú yàrá tutù. Ara ènìyàn ló ń mú tutù, nítorí pé ó ń ran òógùn lọ́wọ́ láti gbẹ. Nítorí náà, fáànù tó ń yí nínú yàrá tí kò sẹ́nikẹ́ni, owó iná ló ń jẹ. Ẹ pa á.

Bí fáànù yín bá ti ń rá pálá, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ohun mẹ́ta ló máa ń fà á. Eruku tó lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀ ni àkọ́kọ́: ẹ pa iná, ẹ nù ún dáadáa. Ìkejì ni ọ́ìlì: bí ẹ bá fi ọwọ́ yí i tó ń le, ibi tó ti ń yí ló gbẹ. Ẹ̀kẹta ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní capacitor. Fáànù àjà tí ẹ ní láti fi igi ta kó tó gbéra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé capacitor rẹ̀ ló ti rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti fáànù tuntun. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti fáànù alágbára bátìrì, èyí tí à ń cháàjì, ẹ má jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó cháàjì rẹ̀, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òfìfo láti ìgbà òjò títí di ìgbà ooru. Báyìí ni bátìrì ṣe máa ń kú, tí a ó wá máa bú ẹni tó tà á.

AC: ARÙ-OORU NI, KÌ Í ṢE ABÍ-ÒTÚTÙ

Ní 1902, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Willis Carrier ni wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí ìṣòro ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, New York. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń mú kí bébà wú kó sì tún sún kì, àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára rẹ̀ kò wá bára mu. Ẹ̀rọ tó ṣe láti yanjú ìyẹn ni bàbá ńlá AC òde òní. Bébà ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn! Ìdí rèé tí AC fi ń tu wá lára ní Èkó ju ibi tó gbẹ lọ: ó ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Omi tó ń kán láti ẹ̀yìn ilé yín, inú yàrá ló ti wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé AC kò bí òtútù. Alábàárù ni. Á di ooru inú yàrá lérù, á lọ sọ̀ ọ́ sílẹ̀ níta. Gáàsì inú rẹ̀ ni apẹ̀rẹ̀ tó fi ń gbé e, compressor sì ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Bí ẹ bá dí alábàárù lọ́nà, kò ní lè ṣiṣẹ́, á sì máa jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ rẹ̀ ni iná.

Nítorí náà, ìtọ́jú rẹ̀ rèé:

Asẹ́ tó wà nínú èyí tó so mọ́ ògiri, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní filter, ẹ fúnra yín lẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ pa AC, ẹ ṣí iwájú rẹ̀, ẹ fa asẹ́ yọ, ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, kó gbẹ nínú ibòji. Ní àdúgbò eléruku bíi tiwa, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ọmọ ọdún méjìlá lè ṣe é.

Èyí tó wà níta ńkọ́? Ẹ má kó ẹrù yí i ká, ẹ má sá aṣọ sórí rẹ̀, ẹ má sì fi í sínú kọ́ríd��ọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti lè jáde. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun àti èéfín ọkọ̀ ń jẹ irin rẹ̀ ní Àpápá. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi omi jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kí ọ̀kan bọ́ sí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, kí ooru tó dé. Àìtètè múra ló ń jẹ́ kí oníṣẹ́ fi owó gọbọi ha wá lọ́rùn nínú oṣù Kẹta.

Ọ̀rọ̀ gáàsì wá ni èyí tí wọ́n fi ń jẹ wá níyà jù. Ẹ gbọ́ o: gáàsì AC kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tó dí pa ló ń yí ká. Bó bá dín kù, a jẹ́ pé ibì kan ń jò. Ẹni tó bá wá “kún gáàsì” fún yín lọ́dọọdún láì wá ibi tó ń jò, omi ló ń pọn sínú agbọ̀n, ẹ̀yin lẹ sì ń sanwó ìkòkò. Ẹ ní kó wá ibi tó jò, kó dí i, kó tó kún un. Bí ẹ bá rí yìnyín lára páìpù tàbí nínú AC, ẹ tètè pa á. Asẹ́ ti dí tàbí gáàsì ti jò.

Ẹ má fi AC sórí extension box. Wáyà tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀ ni kó ní. Bí iná bá lọ tó sì dé padà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó tàn án. Fún òǹkà orí rẹ̀, 24 sí 26 ti tó. Bí ẹ bá gbé e sí 16, AC àtijọ́ kò ní yára tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ló máa ṣiṣẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí 25, kí ẹ tan fáànù kékeré sí i, ẹ ó gbádùn.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ RA TUNTUN

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ó sún sókè sódò díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ₦200 ṣe ìṣirò kó lè rọrùn. Fáànù tó ń jẹ 70 wátì, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 lóru, kò ní jẹ ju ₦140 lọ. Ọgbọ̀n ọjọ́, ₦4,200. AC àtijọ́ tó ń jẹ 1,000 wátì láì sinmi, wákàtí 10 jẹ́ ₦2,000. Ọgbọ̀n ọjọ́, ₦60,000. AC tó mọ́ a máa sinmi bí yàrá bá ti tutù, owó á sì dín kù. Èyí tó dọ̀tí kì í sinmi. Ìdọ̀tí náà lẹ fi káàdì rà yẹn.

AC tí wọ́n ń pè ní inverter ń dín ìsáré compressor rẹ̀ kù bí yàrá bá ti tutù, dípò kó máa kú kó tún máa jí. Ó ń ṣọ́ iná ná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í mú o: kì í ṣe inverter oníbátìrì tí a fi ń tan iná nígbà tí NEPA bá mú un lọ. Orúkọ ló bára mu. Ẹlòmíràn ti ra ọ̀kan nípa èkejì, tó wá ń retí kí AC máa ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá kékeré kò nílò ju AC 1 hp lọ. Èyí tó tóbi jù yóò tutù kíákíá, á kú, kò ní ráyè fa ọ̀rinrin kúrò, yàrá á wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ tútù. Èyí tó kéré jù náà kò ní sinmi láé.

Ní ti tòkúnbọ̀, àwa tí a ń gbé lẹ́bàá èbúté mọ ọjà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ti ka AC àti fíríìjì àlòkù mọ́ ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé. Yàtọ̀ sí òfin, púpọ̀ nínú wọn ń lo gáàsì R22, èyí tó ń ba ìbòrí ozone jẹ́. Gbogbo ayé ti fẹnu kò nínú ìwé àdéhùn Montreal ti 1987 láti máa dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa sì ní títí di 2030 láti fi R22 sílẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún, gáàsì rẹ̀ á túbọ̀ wọ́n. Ohun tí ẹ rà ní ẹ̀dínwó á di ẹrù lọ́rùn yín. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara AC kí ẹ tó sanwó. R32 tàbí R290 ló wà nínú àwọn kan lára àwọn tuntun. Ìwọ̀nyí lè gbaná, nítorí náà, oníṣẹ́ tó mọ̀ wọ́n nìkan ni kó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sínú AC yín láé nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

JẸNẸRÉTỌ̀: IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI DI Ẹ̀MÍ

Mo ti ń bọ̀ níbi tó ká mi lára jù. Púpọ̀ nínú wa kì í sùn láìsí fáànù, NEPA kì í sì í fún wa ní iná ní gbogbo òru. Kí là ń ṣe? A ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí kọ́rídọ̀ nítorí olè, a ó ti ilẹ̀kùn nítorí ẹ̀fọn àti ariwo, a ó wá sùn.

Àwọn àgbà ní èéfín ni ìwà. Bó ti wù ká bò ó tó, yóò rú jáde. Èyí tí mò ń wí kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ májèlé tó ń jáde láti ẹnu jẹnẹrétọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, á gba ipò èémí tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri ara. Orí á kọ́kọ́ fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, oorun á sì wọra. Ẹni tó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìkankan nínú rẹ̀. Gbogbo wa ti ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ rí: bàbá, ìyá àti ọmọ, gbogbo wọn nínú yàrá kan, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jí.

Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọgbà ńlá ní Àpápá lè ṣe é. Ní Ajégúnlẹ̀, níbo lẹ ti fẹ́ rí ẹsẹ̀ bàtà 20? Bí ẹ bá gbé e jìnnà sí yàrá tiyín, ẹnu fèrèsé aládùúgbò ló máa bọ́ sí. Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí òfin ilé wa jẹ́ ẹyọ kan: kó tó di pé ẹnikẹ́ni sùn, gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti kú. Fáànù bátìrì ló kù fún òru. Èyí tí jẹnẹrétọ̀ tàbí NEPA bá cháàjì ní ìrọ̀lẹ́, tàbí tí sólà kékeré bá cháàjì ní ọ̀sán, lè gbé ènìyàn dé ìdájí.

Bí ẹ bá bá ẹnikẹ́ni nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ gbé e síta, kí ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Epo pupa kò lè yọ ọ́, mílíìkì kò lè yọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ àti ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Májèlé yìí kan náà ló ń jáde lára ẹ̀yìn iná èédú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ẹ máa ń gbé èédú wọ yàrá lásìkò ọyẹ́ kí ara ọmọ lè móoru, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ni kí ẹ fi kún aṣọ.

Ẹ̀yin ará wa ní London àti Manchester, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ooru ni à ń sá fún níbí, òtútù lẹ̀ ń sá fún lọ́hùn-ún, àmọ́ májèlé kan náà ni. Boiler tó ń mú ilé yín móoru lè tú u jáde bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí Gas Safe Register nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń gbé ilé onílé, òfin ní kí onílé jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ gáàsì wò lọ́dọọdún, kó sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bèèrè ìwé náà. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń pariwo bí carbon monoxide bá wà nínú ilé. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ wálé lọ́dún, ẹ mú ọ̀kan wá fún ìyá yín.

OHUN TÍ Ẹ̀KA Ọ̀DỌ́ Ń DÁBÀÁ

Mo padà sórí AC mẹ́rin. Àwọn kan á ní, “Ṣé àgbà ìlú ò tó jókòó lábẹ́ AC ni?” Wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè: gbọ̀ngàn yìí kò ní sílíńgì, páànù lásán ni. AC tó bá wà níbí, oòrùn ni yóò máa bá jà. Jẹnẹrétọ̀ wa kò lè gbé AC mẹ́rin. Fáànù àjà mẹ́fà ló wà níbí, méjì péré ló ń yí. A kò sì ya kọ́bọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù la ń pàdé níbí, wákàtí mẹ́ta péré. Òru ọgbọ̀n ló wà nínú oṣù, nínú yàrá tiwọn ni àwọn àgbà wa sì ti ń sùn ún.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dìbò fún nìyí. Kí a kọ́kọ́ kan sílíńgì, kí a kun páànù gbọ̀ngàn ní funfun, kí a sì tún fáànù mẹ́rin tó kù ṣe. Àwa ọ̀dọ́ máa ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹgbẹ́ á ra ohun èlò. A ó fi òṣùwọ̀n ooru wọn ibí yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí a bá parí, a ó sì gbé iye rẹ̀ sórí group kí gbogbo ayé rí i. Lẹ́yìn náà, kí a fi owó tó bá kù ra fáànù bátìrì fún àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kí wọ́n má bàa máa fi jẹnẹrétọ̀ sùn mọ́. Bí gbọ̀ngàn bá ṣì ń gbóná lọ́dún tó ń bọ̀, kí a ra AC inverter méjì, kí owó ìtọ́jú rẹ̀ sì ti wà nínú ìṣirò kí a tó ra á.

Láti Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀dọ́ mẹ́jọ ti yọ̀ǹda ara wọn. A ó máa lọ sílé àwọn àgbà tó bá pè wá, a ó bá wọn fọ nẹ́ẹ̀tì, nu fáànù, fọ asẹ́ AC, a ó sì wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wọn àti ti aládùúgbò wọn wà. A ò ní gba owó. Omi tútù kan ti tó wa. Bí ìyá yín bá ń dá gbé ní Tolu, tí ẹ̀yin sì wà ní Abuja tàbí ní Houston, ẹ fi orúkọ wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má gbé àdírẹ́sì wọn sórí group.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí group ìdílé yín. Bí ẹ ò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹ ka ti jẹnẹrétọ̀ nìkan. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ rìn dé kọ́rídọ̀, ẹ wo èyí tó ń dún, ẹ kan ilẹ̀kùn onítọ̀hún. Bó bá bínú, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ìbínú rẹ̀ á rọ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

Ìlú wa á máa gbèrú. Ooru kò ní mú wa lọ, èéfín kò ní pa wá. Àṣẹ.

Olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́, Àpápá àti Ajégúnlẹ̀